Afẹ́fẹ́ Orí Kẹ̀kẹ́ Ń Tanni Jẹ: Ọjọ́ Kẹ̀kẹ́ àti Eré Sísá Nínú Ooru

Orí ìwé yìí wà fún ẹni tó ti lè gun kẹ̀kẹ́ ológeere fún wákàtí méjì, tó ti lè sáré fún ìṣẹ́jú 50 láìdúró, tó sì ń múra sílẹ̀ fún triathlon oníwọ̀n Òlíńpíìkì: odò wíwẹ̀ kìlómítà 1.5, kẹ̀kẹ́ kìlómítà 40, eré sísá kìlómítà 10. Ẹni tí kò tíì dé ibẹ̀, kó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ná. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni ọjọ́ kan péré tó le, tí a ó gun kẹ̀kẹ́, tí a ó sọ̀ kalẹ̀, tí a ó sì gbà á ní eré láìjókòó, nínú irú ooru tó máa ń mú ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló di gbogbo ìgbésẹ̀ tó ń bọ̀ yìí mú: orí kẹ̀kẹ́ ni irú ọjọ́ báyìí ti ń bàjẹ́, àmọ́ ìdí eré sísá ni àwọn èèyàn ti ń rí i. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe sùúrù níbi tí ara ti ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó lè rí agbára lò níbi tí yóò ti nílò rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ rèé. Nínú gbogbo agbára tí iṣan ń jó, ìdá 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń yí kẹ̀kẹ́. Ìyókù di ooru nínú ara. Òógùn ló ń kó ooru náà jáde, ṣùgbọ́n èyí tó bá gbẹ lára nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Èyí tó bá kán sílẹ̀ ti ṣòfò. Lórí kẹ̀kẹ́ tó ń rin kìlómítà 30 ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wa látòkèdélẹ̀, òógùn ń gbẹ kí ojú tó rí i, à ń rò pé ooru ò mú tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ tí a ń sá kìlómítà 10 ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ náà di ìdá kan nínú mẹ́ta, ooru tí iṣan ń gbé jáde kò sì dín kù lọ títí. Gbèsè tí afẹ́fẹ́ ti bò mọ́lẹ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló fi ń dé bá ẹni tó ń sáré. Àwọn àgbà nínú eré yìí pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ní Cozumel ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, Jonny Brownlee ló ń ṣíwájú nínú ìdíje triathlon àgbáyé nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, Alistair ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbá a mú dé òpin. Kò sí ohun tó ṣe é lórí kẹ̀kẹ́ tí ojú rí.

Àwọn ohun èlò

- Kẹ̀kẹ́ tí búréèkì rẹ̀ ń mú, tí táyà rẹ̀ kò sán, tí a ti fi òróró sí ṣéènì rẹ̀, tó sì ní ibi ìkó-igo méjì.
- Akoto tó bá orí mu, tó ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.
- Túùbù tuntun, irin ìtú táyà àti pọ́ǹpù kékeré. Ẹ má gbọ́kàn lé fọkanáísà ojú ọ̀nà; ẹnu pọ́ǹpù ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá ẹnu túùbù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára kẹ̀kẹ́ eré mu.
- Igo omi méjì, ìkọ̀ọ̀kan gba mìlílítà 750.
- Kúlà ńlá kan, pẹ̀lú píọ́ wọ́tà bíi 15 tí ẹ ti fi sínú fírísà mọ́jú títí tó fi dì.
- Bàtà ìsáré, ìbọ̀sẹ̀ méjì, fìlà funfun, tówẹ̀lì, àti basilín fún itan àti abíyá.
- Ìwọ̀n tí a fi ń wọn ara, àti aago ọwọ́.
- Báàfù tàbí ọpọ́n ńlá tí àgbàlagbà lè jókòó sí, pẹ̀lú garawa omi mẹ́ta tàbí mẹ́rin.
- Ẹnì kan tí kò ní gun kẹ̀kẹ́, tí kò ní sáré, tó máa dúró ti kúlà pẹ̀lú fóònù àti ọkọ̀ tó wà nítòsí.

Bí ẹni tó máa dúró ti kúlà kò bá sí, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú. Gbogbo ohun yòókù ni a lè wá nǹkan mìíràn fi rọ́pò, àfi òun, nítorí ẹni tí ooru bá ti mú kì í mọ̀ pé ó ti mú òun.

Àwọn ìgbésẹ̀

Èkíní: ẹ mọ irú ara tí ẹ gbé wá. Nílẹ̀ wa, a máa ń ṣe àyẹ̀wò jínótáìpù nítorí ìgbéyàwó, a kì í rántí rẹ̀ nítorí eré ìdárayá. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 lórí àwọn sójà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, tí iye wọn lé ní 47,000, fi hàn pé àwọn AS inú wọn kò kú ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ewu pé kí iṣẹ́ agbára ba iṣan wọn jẹ́ fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù. Òfin omi mímu àti ìsinmi sì de àwọn sójà yẹn. Ohun tó yẹ kí AS rí mú níbẹ̀ ni pé òun lè ṣe é, tí òun bá ń fi ìgbà díẹ̀díẹ̀ pọ̀ ọ́n, tí òun kò sì fi ipá parí rẹ̀. Ti SS yàtọ̀. Kó má dán an wò láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ ló ní kó ṣe é. Yálà AA ni yín tàbí AS, bí ibà bá ń ṣe yín, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn ibà, tí inú yín ń ṣí, tí ẹ mutí mọ́jú tàbí tí ẹ kò sùn, ọjọ́ yẹn kọ́. Ẹni tó bá ń gba ààwẹ̀, kó dúró di ẹ̀yìn ìtúnu.

Èkejì: ẹ fi ọjọ́ 10 sí 14 kọ́ ara ní ooru. Àwọn kan á ní ọmọ tí a bí sínú oòrùn, ta ni yóò tún kọ́ ọ ní oòrùn? Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò gbé wa délé. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ amúlétutù, tó ń wọ ọkọ̀ oní-ẹ̀rọ amúlétutù, tó sì ń sáré kìkì ní aago márùn-ún òwúrọ̀, Èkó ló ń gbé, àmọ́ ara rẹ̀ kò gbé nínú ooru. Ooru tí iṣan ń gbé jáde láti inú wá sì yàtọ̀ sí oòrùn tí à ń jókòó sí. Ẹ máa gun kẹ̀kẹ́ tàbí kí ẹ máa sáré jẹ́jẹ́ fún wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ lójoojúmọ́ nígbà tí oòrùn bá ti yọ. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mẹ́wàá, òógùn á máa tètè jáde, á pọ̀ sí i, iyọ̀ inú rẹ̀ á dín kù, omi inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀, ọkàn kò sì ní máa lù tó ti tẹ́lẹ̀ fún iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó bá ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ nínú òtútù gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ 14 náà pé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọjọ́ líle yìí ń bọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán kí ìdíje tó dé.

Ẹ̀kẹta: ẹ wọn òógùn yín. Ní ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ ìkọ́ra yẹn, ẹ bọ́ra sílẹ̀, ẹ gun ìwọ̀n, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣe wákàtí kan bí ẹni tó ń díje, ẹ nu ara gbẹ, ẹ tún gun ìwọ̀n. Kílò kan tó bá lọ jẹ́ nǹkan bíi lítà kan òógùn. Ẹ fi omi tí ẹ mu kún un, kí ẹ má sì tọ̀ láàárín ìgbà yẹn. Bí ẹnì kan bá wọn kílò 70 nígbà tó ń lọ, tó wọn 69.2 nígbà tó dé, tó sì mu ìdajì lítà, lítà 1.3 ló làágùn ní wákàtí kan. Nínú iṣẹ́ wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15, yóò làágùn nǹkan bíi lítà 2.9. Bí kò bá fẹ́ pàdánù ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀, èyí tí í ṣe kílò 1.4, ó kù fún un láti mu lítà kan ààbọ̀, ìyẹn nǹkan bíi mìlílítà 700 ní wákàtí kan. Ẹ ṣe ìṣirò ti yín. Ẹ má yá ti ẹlòmíràn lò, nítorí ẹni méjì tó jọ ń gun kẹ̀kẹ́ lè yàtọ̀ síra ní ìlọ́po méjì. Bí ìṣirò bá fún yín ju lítà kan lọ ní wákàtí kan, ẹ dín eré kù dípò kí ẹ fi kún omi, nítorí inú ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹrin: ẹ yan ọ̀nà tó ń yípo. Ẹ sá fún òpópónà márosẹ̀. Ọgbà yunifásítì bíi ti Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, tí wọ́n bá gbà yín láyè, tàbí ẹ́sítéètì tí géètì dí, ló dára, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ kò pọ̀. Kí ìyípo kẹ̀kẹ́ má ju kìlómítà márùn-ún lọ, kí ti eré sísá jẹ́ kìlómítà kan, kí méjèèjì sì máa gba ẹ̀gbẹ́ kúlà kọjá. Ọ̀nà tó lọ tààrà títí dé ìlú kejì dùn lójú, ṣùgbọ́n ẹni tí ooru mú ní ìdajì rẹ̀ ti jìnnà sí yìnyín lápá méjèèjì. Aago méje òwúrọ̀ ni kí ẹ gbéra, tí eré sísá á fi bọ́ sí nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú, nígbà tí oòrùn ti mú. Ẹnì kan lè ní ọ̀sán gangan ló yẹ, nítorí ìdíje kò ní ṣàánú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje gan-an ń sá fún ọ̀sán: ní Tokyo ní 2021, aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni wọ́n ju àwọn ọkùnrin sómi nínú triathlon Òlíńpíìkì, nítorí ooru. Bí aṣọ tí ẹ sá lálẹ́ àná kò bá gbẹ rárá tí ilẹ̀ fi mọ́, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ pọ̀, òógùn yín pẹ̀lú kò ní gbẹ. Ẹ dín iṣẹ́ ọjọ́ náà kù sí ìdajì.

Ìkarùn-ún: oúnjẹ àti omi. Lálẹ́ tó ṣáájú, ìrẹsì, iṣu tàbí àmàlà pẹ̀lú ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ tó. Láàárọ̀, ó ku wákàtí méjì kí ẹ gbéra, ẹ mu ẹ̀kọ tí ẹ fi ṣúgà sí, tàbí kí ẹ jẹ búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ fi àkàrà àti dòdò sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá ṣe tán, torí òróró kì í tètè kúrò ní inú. Omi tó máa wà nínú igo: lítà kan omi mímọ́, ṣúgà 60 gíráàmù, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ìpotíì 15 tó tẹ́jú, pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí kan náà iyọ̀. Ẹni tó bá ń mu mìlílítà 700 rẹ̀ ní wákàtí kan ń rí ṣúgà bíi 42 gíráàmù, èyí tó bọ́ sáàárín 30 sí 60 tó yẹ fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹ pò ó, ẹ tọ́ ọ wò nígbà ìkọ́ra, kó má jẹ́ pé ọjọ́ yìí ni inú yín yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà: orí kẹ̀kẹ́, ìṣẹ́jú 95. Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ lọ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú 15 lọ́nà mẹ́ta pẹ̀lú agbára tí ẹ máa lò nínú ìdíje, ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún láàárín wọn. Agbára náà kò gbọ́dọ̀ ju èyí tó ṣì jẹ́ kí ẹ lè sọ gbólóhùn kúkurú kan lẹ́ẹ̀kan lọ. Bí ẹ bá ní aago tó ń ka lílù ọkàn, ẹ fi ẹ̀kẹta wé èkíní: bí ọkàn bá fi ju ìlù mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan yára sí i láìjẹ́ pé ẹ fi kún agbára, ooru ti ń kó jọ, ẹ rọ gíà sílẹ̀. Àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn agbára lára kẹ̀kẹ́ á ní nọ́ńbà ni nọ́ńbà, àwọn kò lè dín in kù. Nọ́ńbà tí wọ́n rí nínú òjò oṣù keje kì í ṣe òdiwọ̀n fún oṣù kẹta, torí ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń gbé atẹ́gùn lọ sí iṣan tó sì ń gbé ooru wá sí awọ ara. Ẹ máa mu omi bí aago bá ti lu ìṣẹ́jú 15. Ẹlòmíràn á ní òǹgbẹ ló yẹ kó máa sọ fún wa. Fún ìrìn jẹ́jẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ líle lórí kẹ̀kẹ́, òǹgbẹ máa ń pẹ́ dé.

Ogún ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, òun gan-an sì ni ọkàn ọjọ́ yìí. Ẹ bọ́ sí gíà tó fúyẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa yí láìfi ipá tẹ̀ ẹ́, ẹ da omi tútù sórí àti sí àyà. Iṣan kò gbé ooru púpọ̀ jáde mọ́, afẹ́fẹ́ ṣì ń fẹ́: àkókò kan ṣoṣo rèé tí ara lè tu ooru sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀.

Ìkeje: ìsọ̀kalẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ di kẹ̀kẹ́ mú kí ẹ tó sọ̀, nítorí ojú lè ṣókùnkùn bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì wà lẹ́sẹ̀. Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tó ti tutù, ẹ wọ èyí tó gbẹ, ẹ fi píọ́ wọ́tà dídì kan sẹ́yìn ọrùn, ẹ kó yìnyín sínú fìlà. Kí ẹni tó dúró ti kúlà bi yín ní ìbéèrè tó nílò ìrònú: ọjọ́ wo la wà, kí ni nọ́ńbà fóònù yín? Ẹni tó bá ń wá èsì irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti parí iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ìkẹjọ: eré sísá, ogójì ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá jẹ́jẹ́, ogún pẹ̀lú agbára ìdíje, mẹ́wàá jẹ́jẹ́. Ẹsẹ̀ tó ti bá kẹ̀kẹ́ yí máa ń fẹ́ yára jù lọ́wọ́ àkọ́kọ́, ẹ dá a dúró. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà, ẹ mu ẹnu omi méjì tàbí mẹ́ta, ẹ pààrọ̀ yìnyín ọrùn, ẹ wo ojú ẹni tó ń ṣọ́ yín kí òun náà wo tiyín. Bí agbára tí ẹ fi ń sáré kò bá yí padà tí eré ń falẹ̀ díẹ̀, kò burú. Ooru ló gba tirẹ̀. Bí ẹ bá ní láti fi ipá kún ipá kí eré má baà falẹ̀, ẹ padà sí jẹ́jẹ́.

Ìkẹsàn-án: lẹ́yìn eré. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ bọ́ sí ibòji, ẹ gun ìwọ̀n. Fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá lọ, ẹ mu lítà kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin sí lítà kan ààbọ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní iyọ̀. Ẹ fi ọjọ́ méjì sinmi. Bí ìtọ̀ bá ní àwọ̀ kóòkì lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì, iṣan ti ń bàjẹ́. Ilé ìwòsàn ló kàn, ẹ má ṣe dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ìkìlọ̀

Bí òtútù bá ń mú yín nínú oòrùn, tí orí ń fọ́, tí èébì ń gbé yín tàbí tí ẹsẹ̀ ń ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá ti ń dàrú, tó ń bínú láìnídìí, tàbí tó ṣubú, ẹ kà á sí pé ooru ti wọ ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í làágùn mọ́. Irọ́ ni, ẹni tó ń sáré lè máa làágùn kíkan kí ooru sì ti mú un. Ẹ tètè tú aṣọ rẹ̀, ẹ gbé e sínú báàfù tí ẹ ti da omi àti yìnyín sí, kí omi náà mù ún dé ọrùn, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú sókè, ẹ máa ru omi náà. Ẹ má fi omi sí ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ pe ọkọ̀ nígbà tí ìtutù ti ń lọ lọ́wọ́. Ohun tó ń ṣe wá ni láti kọ́kọ́ sáré gbé aláìsàn sọ́kọ̀, kí ó sì kú sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Níbi eré Falmouth ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, èèyàn 274 ni ooru mú báyìí láàárín ọdún 18; inú omi yìnyín ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn sí, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó kú nínú wọn.

Omi àmujù náà ń pani. Nínú sárésáré 488 tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lẹ́yìn Máráthọ́ọ̀nù Boston ọdún 2002, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn tó sì wúwo sí i lẹ́nu eré ló wà nínú ewu jù. Bí ìwọ̀n bá fi hàn pé ẹ wúwo ju ìgbà tí ẹ gbéra lọ, ẹ ti mu jù. Ẹ má sì lo oògùn ìrora bíi ibuprofen kí ẹ tó gbéra, torí nínú ara tí omi rẹ̀ ti dín, kíndìnrín ni yóò jìyà rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Èkíní ni bíbá ẹlòmíràn díje lórí kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ré yín kọjá lè má ní eré láti sá. Èkejì ni wíwọ ọ̀rá tàbí aṣọ nípọn kí òógùn lè pọ̀. Òógùn tí kò rí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́ kò tu ẹnikẹ́ni lára, omi ló ń gbé lọ, kì í ṣe ọ̀rá ara. Ẹ̀kẹta ni dída omi ṣúgà sórí, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ojú àti ọwọ́. Ẹ̀kẹrin ni títún ọjọ́ náà ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e nítorí pé ó dùn; ẹ̀ẹ̀kan tó. Ìkarùn-ún ni gbígbà pé ẹni tó bá dúró ti kùnà, èyí ló sì léwu jù, nítorí ó ń mú kí ọlọ́gbọ́n èèyàn fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ba ìgbáradì oṣù mẹ́fà jẹ́.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá lè sáré ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn pẹ̀lú ojú tó mọ́lẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó já gaara, ẹ gun kẹ̀kẹ́ náà dáadáa. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ má fi kún eré sísá. Ẹ dín agbára orí kẹ̀kẹ́ kù, ẹ kọ iye tí ẹ dín in kù sí sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìdíje.